Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àdìzát Kò Fẹ́ Kábáìdì

Lásìkò tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù bí olú ní Ọ̀tà, iṣẹ́ ńlá já lé Àdìzát lọ́wọ́. Yunifásítì tuntun kan ní kí ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí kò bá pọ́n, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún. Ọjọ́ Ajé nìyí, gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nínú àgbàlá rẹ̀ ní Sáńgò ṣì dúdú.

Mùsílíù ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ajórin, gbé agolo kan wọlé.

"Ìyá Ṣùkúrát, fọkàn balẹ̀. Kábáìdì tí mo fi ń jórin rèé. Tá a bá fi díẹ̀ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, kó tó di ọ̀la, gbogbo ẹ̀ á ti pọ́n."

"Ṣé kò léwu?"

"Ta ni kì í lò ó?"

Bàbá Ọ̀ṣìnúbí, àgbẹ̀ Adó-Odò tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wá, ṣì jókòó tó ń mu omi. Ó gbé ife kalẹ̀.

"Mùsílíù, nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí, èwo ni Ṣùkúrát ọmọ rẹ máa jẹ?"

"Háà, Bàbá! A máa ya tiẹ̀ sọ́tọ̀ ni."

Àdìzát wo ọkọ rẹ̀. Ojú ti obìnrin náà gan-an.

"O gbọ́ nǹkan tó o sọ?" ni Bàbá bi Mùsílíù. "Ọmọ tìẹ ò ní jẹ ẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ni kó jẹ ẹ́. Májèlé wà nínú kábáìdì, ó ń jó ọ̀fun, ó ń da inú rú. Èèpo ló kàn ń pọ́n, inú á ṣì le."

"Bàbá, ọjọ́ Ẹtì ò kúkú jìnnà," ni Àdìzát wí.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ti gbó, ọmọ mi. Owó tó yẹ lo san, o ò sì kán mi lójú kí n tó bẹ́ ẹ. Kó o sínú apẹ̀rẹ̀, fi mẹ́ta mẹ́rin tó ti pọ́n sáàárín, fi àpò bò ó, gbé e síbi tó móoru. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Àdìzát gba agolo náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù ajórin rẹ̀. "Irin ni kó lọ máa jó!"

Ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sínú apẹ̀rẹ̀ bí Bàbá ti wí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì dúdú. Ní Ọjọ́rú, díẹ̀ ló yí padà, àyà Àdìzát sì ń já. Ṣùgbọ́n nígbà tó jí ní Ọjọ́bọ̀, òórùn dídùn ti gba gbogbo àgbàlá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí Àdìzát kó o dé, Dúpẹ́, tó ń bójú tó oúnjẹ ní yunifásítì náà, bó ọ̀kan jẹ. Ó bó ìkejì.

"Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀, níbo lẹ ti rí èyí? Ti àwọn tó ń kó o wá tẹ́lẹ̀, èèpo á yẹ́lò, inú á le bí iṣu tútù!"

"Adó-Odò níbí ni. Kò sí kábáìdì kankan níbẹ̀."

"Ó yá, ìlọ́po méjì ni kẹ́ ẹ kó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀!"

Ariwo ayọ̀ tí Àdìzát pa, mẹ́gàádì sáré kúrò ní géètì wá wò ó. Òun náà rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta èso, ẹ fi kábáìdì sílẹ̀ fún ajórin. Ẹ ra èso tó gbó lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó wà nítòsí, kí ẹ sì san owó tó tọ́ sí i. Èso kò ní jẹrà sójú ọ̀nà, ọkọ̀ kò sì ní jó epo púpọ̀ kó máa tú èéfín sí wa lára. Ẹ kó èèpo fún ewúrẹ́, ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, bí èèpo bá pọ́n tí inú le, ẹ dá a padà.

Oúnjẹ tí ẹ ò lè fún ọmọ yín, ẹ má tà á fún ọmọ ẹlòmíràn.