Omi Àlùwàlá Nínú Ìlú Olúbọ̀dé

Ọkùnrin náà lóṣòó sídìí ẹ̀rọ omi, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú, ó ń wo omi tó ń kán sílẹ̀ bí ẹni pé wúrà ló ń kán. Kò gbé kẹ́ẹ̀gì dání, kò gbé garawa. Àwọn tó wá pọnmi ń yà fún un, wọ́n sì ń wo ara wọn lójú.

Bàrákàt rí i láti inú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rán híjáàbù. Bàbá rẹ̀, Alhaji Jàfárù, oníṣòwò pákó ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ṣe ẹ̀rọ omi yẹn ní sàárà fún àdúgbò wọn ní Ìkọ̀tún, Bàrákàt ló sì ń bójú tó o. Ó jáde sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, omi lẹ wá pọn ni, àbí ẹ wá bá a ṣèpàdé?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mò ń wo bó ṣe ń ṣòfò ni. Olúbọ̀dé lorúkọ mi. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé kan ní Ẹgbẹ́dá. Mo fẹ́ ṣe géèmù kan fún wọn, kí wọ́n máa pín omi fún ìlú kan, kí wọ́n rí i bó ṣe le tó."

Ó fa kọ̀ǹpútà yọ nínú báàgì. Háà! Bàrákàt ò rí irú ẹ̀ rí. Odindi ìlú ló wà níbẹ̀, tòun ti ilé, oko, ọsibítù àti táǹkì ńlá kan láàárín. Téèyàn bá tẹ ilé kan, omi á ṣàn lọ síbẹ̀. Tó bá gbàgbé oko, ewébẹ̀ á rọ. Tí táǹkì bá gbẹ pátápátá, àwọn ará ìlú á di ẹrù wọn, wọ́n á sì máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara Bàrákàt bù máṣọ. Ẹ wo èèyàn tó jókòó tó dá ìlú sílẹ̀!

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ṣe èyí? Ẹ kì í sùn ni?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Olúbọ̀dé di ẹni tó ń wá lẹ́yìn iṣẹ́ ṣáá. Bàrákàt á pè é ní "Kábíyèsí Olómi," òun náà á ní, "Olorì, ẹ jẹ́ n rójú yín ná." Kí ọyẹ́ tó dé, ìfẹ́ ti kó sí àwọn méjèèjì lórí.

Ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì ni Olúbọ̀dé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni. Nígbà tó sọ fún Alhaji pé òun fẹ́ fẹ́ Bàrákàt, Alhaji ò pariwo. Ó ní kó gbé géèmù tí gbogbo àdúgbò ń sọ yẹn wá. Ó gbá a díẹ̀, ó pín omi fún ọsibítù, ó pín fún oko, ló bá dúró.

"Omi àlùwàlá ńkọ́?"

Olúbọ̀dé tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó ń wá a.

"Ìlú tí o fọwọ́ ara ẹ dá, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń fọṣọ, wọ́n tún ń fọ mọ́tò. O ò rántí pé ẹnì kan tiẹ̀ lè fẹ́ kírun níbẹ̀. Ṣé ọmọ mi máa wá ráyè kírun nílé ẹ?" Alhaji dìde. "Mi ò lè fún ẹ lọ́mọ."

Ó dun Bàrákàt wọra. Èyí tó dùn ún jù ni pé bàbá rẹ̀ ò purọ́. Òun náà ti gbá géèmù yẹn láìmọye ìgbà, ìyanu ẹ̀ ò sì jẹ́ kó rí i pé kò sí àyè fún òun níbẹ̀. Nígbà tí Olúbọ̀dé tún dé, Bàrákàt ò bá a ṣeré.

"Bọ̀dé, ṣé o tiẹ̀ ti rò ó rí, pé tá a bá fẹ́ra, mo ṣì máa kírun?"

"Rárá." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mò ń rí ẹ tó o ń kírun, àmọ́ mi ò ro ti omi ẹ̀, mi ò ro ti àyè ẹ̀. Má bínú, olólùfẹ́ mi. Kọ́ mi."

Bàrákàt wò ó títí. Ó gbé kẹ́tù àlùwàlá, ó sì fi hàn án: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá, orí, etí, ẹsẹ̀.

"Tí kò bá wá sómi ńkọ́?" Olúbọ̀dé béèrè.

Bàrákàt sọ fún un. Olúbọ̀dé lanu, kò lè pa á dé.

Ẹ̀bẹ̀ ni Bàrákàt fi mú bàbá rẹ̀ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, mọ́sáláṣí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, àwọn èèyàn sì tò síwájú ẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tù lọ́wọ́. Alhaji ń pín omi lọ, ọ̀dá dé sí ìlú náà, táǹkì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ọmọ kan ń sunkún òǹgbẹ ní ọsibítù. Àkókò ìrun sì tó. Ọwọ́ Alhaji dúró gbagidi.

"Omi yìí ò tó àwọn méjèèjì."

"Kò tó, sà. Ẹ tẹ iyanrìn iwájú mọ́sáláṣí wò."

Alhaji tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn gbé kẹ́tù sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan iyanrìn tó mọ́, wọ́n fi pa ojú, wọ́n fi pa ọwọ́, táyámọ́mù tí Mùsùlùmí ń ṣe nígbà tí kò bá sómi. Ìwọ̀nba omi tó kù rọra ṣàn lọ sí ọsibítù. Ọmọ náà mu ún, ó dákẹ́.

Alhaji yọ awò ojú rẹ̀. "Sùbúhánàlláhì," ló ń wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Sùbúhánàlláhì. Ta ló sọ èyí fún ẹ?"

"Bàrákàt ni, sà. Ó ní Ọlọ́run kì í ni ẹrú Ẹ̀ lára."

Bàrákàt wà lẹ́nu ọ̀nà, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Kí bàbá àti ìyá ẹ wá tọrọ ọmọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè," Alhaji sọ níkẹyìn. "Àárọ̀ ni ẹbí tiwa fẹ́ràn." Ó tún wo ìlú kékeré náà. "Àmọ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ná. A máa dúró dè wọ́n."