Aṣọ Dúdú Tí Sànúsí Ń Ṣà Pamọ́

Orí bélì ni Sànúsí wà lọ́jọ́ tí Kàdíjátù kọ́kọ́ fojú kàn án. Ọkùnrin náà gun orí ẹrù òkìrìkà bí ẹni gun àpáta, ọ̀bẹ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gé okùn líle tí wọ́n fi di ẹrù ọ̀hún láti Kútọnu. Bí okùn kẹta ti já, bélì náà mí kanlẹ̀, àfi bí ẹni tí wọ́n ti dì tọwọ́-tẹsẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Aṣọ tú jáde. Pupa, aláwọ̀ ewé, èyí tó ní ìlẹ̀kẹ̀ láyà, èyí tí èèyàn ò mọ ibi tí orí ń gbà yọ nínú rẹ̀. Òórùn káńfọ̀ bo apá ibẹ̀ nínú ọjà Ìlá.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dì í mú!"

"Irọ́ lo pa, tú ọwọ́ ẹ!"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá ti sanwó ṣáájú ló ń kọ́kọ́ ṣà nínú bélì tuntun. Àwọn yòókù á dúró kí wọ́n ṣà tán, wọn á wá bẹ̀rẹ̀ sórí àjẹkù. Kàdíjátù wà lára àwọn yòókù. Ó fara ti òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ káfútáánì dúdú, ó ń ṣọ́ ọwọ́ àwọn èèyàn. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, télọ̀ sì ni. Ohun tó ń wá ni aṣọ ńlá-ńlá tí àwọn olówó Ítálì àti Faransé ti wọ̀ sú. Yóò rà á ní pọ́ọ́kú, yóò tún un rán, yóò tà á fún àwọn olùkọ́ obìnrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Iṣẹ́ ojú ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá mú, àkísà ni yóò gbé relé.

Nígbà tó kàn án, ó fa jákẹ́ẹ̀tì kan yọ tí wọ́n ti jù síbí jù sọ́hùn-ún.

"Ẹ̀yin ìyá yìí," ni Sànúsí ké láti òkè, "èyí tí gbogbo ayé kọ̀ lẹ gbé yẹn. Kò ní lébẹ́ẹ̀lì lọ́rùn."

"Wọ́n gé e kúrò ni," ni Kàdíjátù dáhùn, kò gbójú sókè. Ó yí inú jákẹ́ẹ̀tì náà síta. "Ẹ wo láínìn inú rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an mọ́ ọn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ta ní í fi ọwọ́ rán aṣọ yẹpẹrẹ?"

Sànúsí bẹ́ sílẹ̀. Kò ga, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ a sì máa rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ó wo rírán náà títí.

"Èló ni kí n wá gbà báyìí? Ẹ ti là mí lójú."

"Iye tí ẹ ì bá gbà kí ojú yín tó là ni."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ọkùnrin náà. "Háà! Bàbá wọn nílé ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹnu yín mú tó báyìí?"

"Bàbá Wàsílá ti kú."

Ẹ̀rín kú lójú Sànúsí. Ó wo káfútáánì dúdú ọrùn obìnrin náà, ó wo ilẹ̀. Kò béèrè ìgbà tó kú. Ta ní í béèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ opó? Kàdíjátù náà kò sì sọ.

"Kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà kẹ́ wọn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ máa mú un lọ. Iye tó bá tọwọ́ yín wá ni kẹ́ ẹ san."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Àtàláátà tí Sànúsí bá tú bélì, àpò ọ̀rá kan a ti wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, wọ́n á ti so ẹnu rẹ̀. "Tiyín nìyẹn, Ìyá Wàsílá." Ojúlówó aṣọ ni í máa ń wà níbẹ̀, èyí tí àwọn tó sanwó ṣáájú ì bá torí rẹ̀ lu ara wọn. Kàdíjátù a máa rò pé bóyá ìdẹkùn ni, a sì máa yẹ ìsàlẹ̀ àpò wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú aṣọ mẹ́rin, ọ̀kan á wà tí Sànúsí á fọwọ́ lé.

"Eléyìí kì í ṣe ti ọjà. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́."

Dúdú ni. Àtàláátà tó tẹ̀ lé e, dúdú. Gáùn dúdú tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú. Ìborùn dúdú tó rọ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹlé.

Ó rú Kàdíjátù lójú. Ó rò ó títí, ó ní bóyá àwọ̀ tó wu ọkùnrin yìí lára obìnrin nìyẹn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló burú? Ó ń wọ̀ wọ́n. Ó tilẹ̀ ń fi ẹ̀rọ mú ìbàdí wọn wọlé díẹ̀. Yóò dúdú wá sọ́jà bí ẹ̀yìn ìkòkò, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Àmọ́ ọkùnrin yìí kò sọ nǹkan kan. Ó ń ra àsálà fún un. Ó ń béèrè Wàsílátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ń bá a gbé ẹrù dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà. Òun náà sọ fún un pé ìyá Kàbírù ọmọ òun ti jáde láyé, àti pé òun nìkan ni òun ń se ọbẹ̀ òun ní Ọ̀tan Ayégbajú.

"Ṣé ó máa ń dùn?" ni Kàdíjátù bi í.

"Ewúrẹ́ mi nìkan ló mọ̀. Òun ló ń jẹ àjẹkù rẹ̀."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín náà bá wá ń dùn bọ̀, tí ojú ń wojú, Sànúsí á kàn gbọnra lójijì. "Àsítágífírúlái," ni yóò wí lábẹ́ èémí, á sì yíjú sí ẹrù. Kàdíjátù gbọ́ ọ. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni òun fi ẹ̀rín dá?

Jùmọ̀kẹ́ onídìrí, tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tirẹ̀, kò jẹ́ kó gbádùn. "Ìyá Wàsílá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ṣé ọkùnrin yìí fẹ́ fẹ́ yín ni, àbí ó fẹ́ sin yín?"

"Lọ jókòó jàre."

"Dúdú lókè, dúdú nísàlẹ̀! Ẹ gbìyànjú àwọ̀ mìíràn wò."

Ó gbìyànjú rẹ̀. Àtàláátà kan, ó wọ búláòsì aláwọ̀ ìyeyè lọ sọ́jà. Bí Sànúsí ti rí i, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa ìborùn dúdú kan lórí okùn, ó fi bo èjìká obìnrin náà.

"Ẹ rọra, Ìyá Wàsílá," ni ó wí bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹnu ayé kò dára."

Kí ni ẹnu ayé wá fẹ́ fi búláòsì ṣe? Kàdíjátù délé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó rán apá gáùn oníbàárà mọ́ ibi tí kò yẹ. Ó tú u. Ó tún rán an síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò tíì yé e tí Dàda ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi wọlé. Dàda ni bàbá báyìí, nítorí bàbá wọn ti lọ.

"Kàdí, Alhaji Àsíìsì tó wà ní Iresi ń béèrè rẹ. Mọ́tò mẹ́rin ló ní lójú pópó. Ìyàwó méjì péré ló sì wà nílé rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Ó ti pẹ́ tí o ti ń dá gbé. Bí Wàsílátù bá lọ sílé ọkọ, ta ni yóò bu omi fún ọ mu? Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́ èsì. Àbí ẹnì kan wà nílẹ̀?"

Kí ni yóò sọ? Ṣé kó ní ọkùnrin kan wà tó ń kó aṣọ dúdú fún òun? Bí Jímọ̀ bá dé tí Sànúsí kò tíì fọhùn, Iresi ni òun ń lọ nìyẹn. Òun kò sì lè kọ́kọ́ la ẹnu. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé obìnrin kì í fẹnu ara rẹ̀ wá ọkọ.

"Ẹ jẹ́ n ronú sí i," ni ó wí.

Àtàláátà tó ṣáájú Jímọ̀ ọ̀hún, ó wọ èyí tó dára jù nínú àwọn dúdú rẹ̀, ó lọ. Ó fẹ́ kí Sànúsí rí òun dáadáa, bó bá jẹ́ ìkẹyìn. Sànúsí ti ń dúró. Gáùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pupa bí osùn. Ó nà án sí i. Ó tún fà á padà.

"Ìyá Wàsílá, ẹ má bínú. Ó rú mi lójú. Mo ka oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá pé pérépéré. Mo tún fi ogúnjọ́ lé e, bóyá mo ṣì í kà. Ẹ ò sì tíì bọ́ dúdú."

"Oṣù mẹ́rin kí ni?"

"Opó yín, iye ọjọ́ tí ẹ̀sìn ní kẹ́ ẹ fi ṣe é."

"Opó ta?"

"Ti Bàbá Wàsílá."

Kàdíjátù la ẹnu, kò lè pa á dé. "Bàbá Wàsílá? Ó ti pé ọdún méje tó ti kú!"

Ìyá kan tó ń yẹ ṣòkòtò wò gbé e sílẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa.

"Ọdún méje?" Sànúsí di òpó mú. "Dúdú tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Sáráà òkú aládùúgbò mi ni mo ti ń bọ̀!"

"Èyí tí ẹ wá ń wọ̀ láti ìgbà náà wá ńkọ́?"

"Ta ló ń fún mi? Bàbá Kàbírù, mo ní ta ló ń fún mi?"

Ìyá oníṣòkòtò fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ti gba ìdí tábìlì náà kan, ẹnì kan tilẹ̀ jókòó sórí bélì kó lè rín in tẹ́rùn.

"Mo rò pé ẹ ò ní dúdú tó dára tí ẹ ó fi ṣe opó ni," ni Sànúsí wí. "Mo ní kí n wá èyí tó níyì fún yín. Èèwọ̀ ni kéèyàn fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ ẹni tó ń ṣe opó. Ẹnu mi ń yún mi, mo ń gé e jẹ."

Kàdíjátù ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ ti Jímọ̀. Ó sọ ti Alhaji. Sànúsí kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"N ò fẹ́ ẹ."

"Kí ni oríkì yín?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Orúkọ ọmọ ni mo ń pè láti ọjọ́ yìí. Ó ti sú mi."

Ó wolẹ̀. "Àbíkẹ́."

"Àbíkẹ́." Ó pè é bí ẹni ń tọ́ oyin wò. "Àbíkẹ́, máa lọ sílé. Mò ń bọ̀."

Kò sọ "ẹ" mọ́. Àwọn méjèèjì ló mọ̀.

Alàmísì ni Sànúsí dé ilé Dàda, òun àti àbúrò bàbá rẹ̀, Oyèdọ̀tun, àti alfa àgbà kan. Kàdíjátù wà lẹ́yìn kọ́tíìnì nínú yàrá, ó ń gbọ́.

"Aṣọ tí a kò mọ ẹni tó kú sínú rẹ̀," ni Dàda ń wí, "ṣé òun ni ẹ ó fi bọ́ àbúrò mi? Mo sì ti fún Alhaji lọ́rọ̀."

"Ẹ̀yin náà wọ kóòtù wá láti inú yàrá," ni Oyèdọ̀tun wí jẹ́jẹ́. "Ibo lẹ ti rà á?"

Dàda wo kóòtù ara rẹ̀.

Alfa ló dá sí i. "Dàda, ọ̀rọ̀ tí o fún Alhaji kọ́ ni yóò ṣe é. Wúńdíá tí a bá bi léèrè tó dákẹ́, a ó ní ó gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lọ́kọ rí, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́. Ẹ pè é."

Kàdíjátù rántí pé ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n bi í léèrè báyìí. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Inú ìdákẹ́ yẹn ló gbé di ọjọ́ tí Bàbá Wàsílá kú. Kò burú, kò sì dùn.

Ó jáde. Ó kúnlẹ̀. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀, àfi ti Sànúsí tó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́, tó ń wo ẹní.

"Kàdíjátù," ni alfa wí, "ta ni o fẹ́?"

Ó wo Dàda, ẹ̀rù bà á. Ó wo ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Dàda wí. "Ó dákẹ́. Alhaji ló fẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí," ni Kàdíjátù wí. Ohùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí alfa fi tẹ̀ síwájú. "N ò... n ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Sànúsí ni mo fẹ́."

Alfa fẹ́ la ẹnu láti ní kó tún un wí, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ṣáájú rẹ̀. Ó gbójú sókè. Àwọn tó ń kọjá lójú títì gbọ́ ọ.

"Sànúsí ni mo fẹ́!"

Dàda wò ó bí ẹni pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Háà," ni ó wí, "o mà lóhùn."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ fóònù, ó wá nọ́ńbà Alhaji jáde. Ìka rẹ̀ dúró lórí rẹ̀.

"Kàdí," ni ó bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ ní mo ti sọ̀rọ̀."