A Kì Í Fi Agbára Ya Ẹsẹ̀ Tó Le

Láràárọ̀, ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Oko Ọba máa ń kún fún àwọn abiyamọ tó ń wẹ ọmọ. Sùlíyá máa ń dúró dìgbà tí gbogbo wọn bá wọlé kó tó gbé tirẹ̀ jáde. Abdulafeez ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò tíì lè jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń le gbagidi, ọ̀kan á dábùú èkejì bí àlùmọ́gàjí.

Àwọn ará ilé ò bú u o. Wọn ò kàn bá a sọ̀rọ̀ ọmọ mọ́, ìyẹn sì dùn ún ju èébú lọ. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ní ofatáìmù ò jẹ́ kóun máa wálé. Ofatáìmù oṣù mẹ́ta gbáko! Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Àgbà ilé kan ti sọ fún un pé kò na ẹsẹ̀ ọmọ dáadáa nígbà tó wà ní jòjòló. Nítorí náà, tó bá ti da omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀, á fi gbogbo agbára ya ẹsẹ̀ náà. Bó ṣe ń fà á ni ọmọ ń ké, tí ẹsẹ̀ sì ń le sí i. Òun náà á sunkún, kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló dé.

Ọjọ́ tó gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni Adébísọ́lá, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú iṣan ara, rí ẹsẹ̀ ọmọ náà, tó pe ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní kó sọ bó ṣe ń wẹ ọmọ.

"Ẹ má fa ẹsẹ̀ yẹn mọ́, mà. Iṣan ọmọ mìíràn máa ń dẹ̀ jù, ti òmíràn á le jù. Tiẹ̀ ló le jù. Tẹ́ ẹ bá fi tipátipá yà á, á tún le sí i ni."

Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ó rọra ká orúnkún rẹ̀ sókè, ó ní sùúrù. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ó ní kí Sùlíyá má fi í sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ ẹ̀yìn látàárọ̀ dalẹ́. Kó máa yí i padà, kó fi ìrọ̀rí kékeré sáàárín orúnkún.

"Ṣé ẹ ń pọ̀n ọ́n?"

"Rárá. Ojú ń tì mí. Wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀."

"Ọrùn ẹ̀ ti dúró. Ẹ pọ̀n ọ́n, kẹ́sẹ̀ ẹ̀ yà sí ìbàdí yín. Kò ní dùn ún."

Sùlíyá pọn ọmọ rẹ̀ gba àárín àwọn ẹlẹ́ran tó wà lọ́nà ilé kọjá. Àwọn èèyàn wò ó. Ọmọ ò ké.

Ẹ̀yin òbí, bí ara ọmọ bá le jù tàbí tó dẹ̀ jù, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fipá na ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbélé pẹ̀lú irú ìyá bẹ́ẹ̀, ẹ dúró tì í níbi tó ti ń wẹ ọmọ. Ìyá tí gbogbo ilé sá fún kì í tètè mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà.