Ta Ló Gbé Ọ̀pá Dókítà Laurent?

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún 1988 ni wọ́n rí i pé ọ̀pá náà ti pòórá. Àpótí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu nílé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá Atakpamé ní Tógò.

Inú bí Bìrìgédíè Olúgbódi tó jẹ́ ọlọ́pàá burúkú. Òun gan-an ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀pá náà ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́la! Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀yìn ti ń dà á láàmú, kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà ara rẹ̀. Dókítà Laurent ní ihò tí kò ju èékánná lọ lòun yóò lu. Ọ̀pá tín-ín-rín náà yóò gba ibẹ̀ wọlé, dígí orí rẹ̀ yóò sì fi ohun tó ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀ hàn òun. Lọ́jọ́ Ẹtì, dókítà ń padà sílùú rẹ̀.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí?" ni Olúgbódi bèèrè.

"Àwa mẹ́ta, Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá wa," ni Ignace tó ń ṣọ́ ọgbà dáhùn. "Èmi, dókítà, àti Nọ́ọ̀sì Dorothée. Ṣùgbọ́n ìlú Notsé ni mo wà látàná. Ẹ bi onítakisí tó gbé mi dé."

Dorothée, ọmọ ẹ̀gbọ́n Olúgbódi tó ń fi Faransé pè é ní Tọ́ntọ́n, fapá jánú. "Kí ni mo fẹ́ fi ọ̀pá ṣe, Tọ́ntọ́n? Ṣé kí n fi ti ilẹ̀kùn ni?"

Olúgbódi wo ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ẹ̀rọ tó ń tan iná sí ọ̀pá náà wà níbẹ̀ láìyẹ̀. Olè wo ló ń fi èyí tó tóbi sílẹ̀?

"Dókítà, kí ló lè ba ọ̀pá yẹn jẹ́?"

"Omi gbígbóná. Oògùn tútù la fi ń pa kòkòrò ara rẹ̀. Mo kìlọ̀ fún gbogbo wọn."

Olúgbódi lọ síbi tí wọ́n ti ń se irin iṣẹ́. Wọn ò ṣiṣẹ́ abẹ kankan lánàá, síbẹ̀ eérú ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó yọjú sínú ìkòkò. Gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Abẹ àti sísọ́ọ̀sì kò ní gọ́ọ̀mù lára, àmọ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ dígí mọ́ ọ̀pá dókítà.

"Dorothée! Ìwọ lo sè é."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Ó fa ọ̀pá náà yọ lábẹ́ àwọn aṣọ tí wọ́n fi ń di egbò. Dígí rẹ̀ ti funfun báláú.

"Dókítà ò kìlọ̀ fún ẹ ni?"

"Ó kìlọ̀. Nígbà tí mo rí i pó bàjẹ́, ẹ̀rù bà mí, mo ṣí àpótí sílẹ̀ kó lè dà bí iṣẹ́ olè. Tọ́ntọ́n, lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan kú mọ́ mi lọ́wọ́ torí abẹ tí a ò sè dáadáa. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ẹlòmíì ni, oògùn tútù náà ni ǹ bá lò. Ẹ̀yìn yín ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sè é."

Olúgbódi fẹ́ pariwo mọ́ ọn. Ọwọ́ ló nà sí i dípò bẹ́ẹ̀.

"Wá fà mí dìde," ló wí.