Ẹsẹ Tó Kù Nínú Orin Lascelles

Novlette gbọ́wọ́ lé àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀, àga náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Lascelles tó ni àga ti wà nínú ilẹ̀.

Wọ́n ti ṣe àìsùn ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò jẹ ẹja díndín, wọ́n mu ọtí, wọ́n ta dọ́mínò títí ilẹ̀ fi mọ́. Màmá Icilda sì yí yàrá ọmọ rẹ̀ padà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe: ó kọjú bẹ́ẹ̀dì síbòmíràn, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù lọ sí ògiri kejì, kí òkú má baà mọ yàrá náà mọ́, kí ó lè máa lọ. Ẹ̀rọ tí Lascelles fi ń gba orin sílẹ̀ nìkan ni Novlette fi àáké kọ́rí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa.

“Pa nǹkan yìí, ọmọ yìí,” ni ìyá rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ó fẹ́ lọ sinmi.”

“Màmá, bátìrì inú rẹ̀ ti kú. Tí mo bá pa á pẹ́nrẹ́n, gbogbo bí bọ̀ọ̀dá ṣe to orin yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹsẹ kan péré ló kù tí mo máa kọ.”

“Kọ ọ́ nígbà náà.”

“Ọ̀fun mi ò tíì là.”

“Ẹn-ẹ́n? Ó là dáadáa nígbà tí ò ń bá mi jà lórí ẹja lánàá.”

Irọ́ ni Novlette ń pa. Ẹ̀rù ń bà á pé bí orin bá parí, Lascelles náà parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó rí i pé ẹnìkan ti fa bọ́tìnnì ohùn ìlù wálẹ̀ pátápátá lórí ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn: bọ̀ọ̀dá ṣì ń ṣiṣẹ́! Ó gbé e padà sókè. Nígbà tó tún dé, ìlù àti gìtá ló wà nísàlẹ̀. Ó tún gbé wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a yí, òkú ń fà á wálẹ̀, alààyè ń tì í sókè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó ṣọ́ ọ. Bọ́tìnnì ohùn tó gbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ lójú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń lọ, bí ọwọ́ ẹni tó ti rẹ̀. Ẹnìkan mí kanlẹ̀ létí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ìka ń họ ara ògiri, tó ń wá nǹkan kiri.

Ó wá yé e. Kì í ṣe orin ni Lascelles ń tò. Ó fẹ́ pa iná ẹ̀rọ náà, kó máa lọ, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n sún ti bo ojú iná tó wà lára ògiri, kò sì mọ yàrá ara rẹ̀ mọ́.

“Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá mi,” ni Novlette wí, ó bú sẹ́kún. Ó nu ojú, ó gbé gbogbo ohùn sókè, ó sì kọ ẹsẹ tó kù tọkàntọkàn, láìdúró. Ó tọ́jú orin náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó wá fi èjìká ti kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì pa iná.

Àga dún. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀.

Màmá Icilda, tó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, sáré wọlé tọ̀bẹtọ̀bẹ. Ó wo Novlette, ó wo ẹ̀yìn.

“Ìwọ rèé níbí? Ta ló wá ń tẹ̀lé Lascelles lọ yìí? Wọ́n ń kọrin gba iwájú mi kọjá. Ohùn ẹ ni mo gbọ́.”

Novlette la ẹnu láti dá a lóhùn. Èémí nìkan ló jáde.