Gbọ́tèmi àti Owó Fàdákà Inú Àpótí Dúdú

"Ta ló ń bọ̀ lọ́kọ̀ o?"
"Ìyá mi ni."
"Kí ló gbé bọ̀ o?"
"Àgbọn ni."
"Àgbọn mélòó?"
"Kà á kó o rí i."

Báyìí ni àwọn ọmọ Ìwòrò ń kọrin létí ọ̀sà ní ọ̀sán Fúráìdè tí ilé-ìwé gba ìsinmi. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fò sókè. Wọ́n á fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n á fi Ègùn parí rẹ̀, ẹ̀rín á sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orin náà dùn débi pé ẹsẹ̀ àgbà pàápàá á fẹ́ jó sí i. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí Olúwagbọ́tèmi wá gbè é. Orí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ló jókòó sí ní tirẹ̀, ó gbájú mọ́ fóònù, ó ń ṣe bí ẹni tí orin kò bá wí.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Gbọ́tèmi, ọmọ Èkìtì ni. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé bàbá rẹ̀ wá sí agbègbè Àgbádárìgì, ibẹ̀ náà ni ikú sì ká a mọ́. Bùsọ́lá ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, padà lọ ṣiṣẹ́ ní Adó-Èkìtì. Kí ìwé ọmọ má baà dàrú, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Oyèrónkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tó ti ń gbé Ìwòrò tipẹ́, tó ń se òróró àgbọn tà níbẹ̀. Ó ti pé ọdún kan ààbọ̀ tí ìyá àti ọmọ ti fojú kanra gbẹ̀yìn.

Ní ọ̀sán yẹn ni ìyá rẹ̀ kọ̀wé sórí fóònù pé: "Gbọ́tè, owó ọkọ̀ ti wọlé sọ́dọ̀ rẹ. Ìwé ìrìnnà mi ti jáde. Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa kúrò ní Adó lọ sí Àbújá, láti ibẹ̀ ó di ilẹ̀ Lárúbáwá. Iṣẹ́ ọdún méjì gbáko ni. Tètè máa bọ̀, kí n rí ọ dáadáa kí n tó lọ."

Ọdún méjì. Gbọ́tèmi kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Kò tíì pa fóònù náà tí ọ̀rọ̀ mìíràn fi wọlé láti ọ̀dọ̀ Mákánjú. Mákánjú ni olórí ẹgbẹ́ Wáàsáàpù kan tí àwọn tó fẹ́ràn àtimáa kó owó onírin jọ dá sílẹ̀. Kọ́bọ̀ àtijọ́ kan tí bàbá Gbọ́tèmi fi sílẹ̀ ló mú un wọ ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìkíni ló dá a dúró síbẹ̀. Ní ilé-ìwé, ènìyàn lè máà pe orúkọ rẹ̀ láti àárọ̀ di ìgbà tí aago bá lù. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ojoojúmọ́ ni Mákánjú ń kọ ọ́ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Gbọ́tèmi àgbà olówó fàdákà." Ọmọ tí kò rẹ́ni kí i, ìkíni a máa yó o bí oúnjẹ.

Lọ́jọ́ yìí, àwòrán ni Mákánjú fi ránṣẹ́: àpótí dúdú kan tí aṣọ funfun wà nínú rẹ̀, owó fàdákà mẹ́ta sì tò sórí aṣọ náà. Ọkọ̀ ìgbòkun wà lára ọ̀kan, ìjàpá òkun wà lára èkejì, ẹyẹ sì wà lára ẹ̀kẹta.

"Púrúùfù ni wọ́n ń pè é," Mákánjú kọ ọ́. "Fàdákà pọ́ńbélé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ojú rẹ̀ lè dán bíi dígí. Ẹgbẹ̀rún kan àpótí péré ni wọ́n ṣe káàkiri ayé, ìwé ẹ̀rí wà nínú rẹ̀. Méjì ló kù lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá rà á, ṣé mo lè tún un tà láàárín ọ̀sẹ̀ kan?"

"Gbọ́tèmi àgbà, ohun tí kò pọ̀ kì í pẹ́ lọ́jà. Àwọn kan ń pè é ní ìlọ́po mẹ́ta lókè òkun."

Mákánjú kò parọ́. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn pe owó lé ọjà, ọ̀tọ̀ ni. Kí oníbàárà san án, ọ̀tọ̀ ni. Gbọ́tèmi kò mọ ìyẹn. Ohun tó ń rò ni pé òun á wọ Adó pẹ̀lú ìlọ́po owó mẹ́ta, òun á dà á sórí itan ìyá òun, òun á sì ní, "Mọ̀mí, ẹ má lọ mọ́." Ó da owó ọkọ̀ pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó ti ń rí níbi àgbọn bíbó láti ọdún tó kọjá, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Mákánjú. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé, "Wọ́n ní ká wá ṣe ẹ̀kọ́ àfikún, mà. Tọ́sìdeè ni mo máa tó lè gbéra."

Ọjọ́ Ajé ni àpótí náà dé. Ìdíkọ̀ Mowo ni Gbọ́tèmi ti lọ gbà á. Ẹ̀yin ọmọ mi, nǹkan náà rẹwà. Inú ike róbótó tó mọ́ gaara ni wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí. Bí ó bá yí i síbi ìmọ́lẹ̀, yóò rí ojú ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàpá òkun náà. Òun nìkan ló ń wo ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó lè pè pé kó wá wò ó.

Láti ọjọ́ tí owó ti wọlé, Mákánjú kò kí i mọ́.

Ní Túsìdeè, Gbọ́tèmi gbé àwòrán àpótí náà sínú ẹgbẹ́ pé òun fẹ́ tà á. Ẹnì kan na àtàǹpàkò sí i. Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé, "Ó dára púpọ̀, Ọlọ́run á pèsè ẹni tó máa rà á." Ó lọ bá Mákánjú ní ìkọ̀kọ̀.

"Àbúrò," ni Mákánjú wí, "èmi náà ṣì ní ọ̀kan tí mò ń wá oníbàárà fún. Ní sùúrù. Tó bá di ọdún mẹ́wàá sí i, owó rẹ̀ lè gbéra."

Ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ìyá rẹ̀ ku ọjọ́ márùn-ún.

Tọ́sìdeè dé, kò lè gbéra. Irọ́ kan kì í dá rìn. Ó tún kọ̀wé pé ó di Sátidé kí ẹ̀kọ́ tó parí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà láti Morogbo, Abdulhameed, kọ ọ́ pé òun á wá wo ọjà náà láàárọ̀ Sátidé. Inú Gbọ́tèmi dùn, ó jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní Fúráìdè, Oyèrónkẹ́ ní kó gbé àgbọn lọ sí ilé ẹ̀rọ. Ọdún kejìlélógún rèé tí Oyèrónkẹ́ ti ń fọ ife fàdákà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n fi ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Eérú èèpo àgbọn tó jọ̀ kúnná ló fi ń fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Bó ti ń gbálẹ̀ yàrá lọ́jọ́ yẹn, ìgbálẹ̀ rẹ̀ kan àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣí i. Yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀. Ojú púrúùfù ló sì rí bẹ́ẹ̀: bí kò bá rí ìmọ́lẹ̀, dúdú ló ń dú bí omi inú kànga.

"Áà, wọ́n mà ti ta fàdákà tó ti dú fún ọmọ yìí," Oyèrónkẹ́ wí, àánú sì ṣe é. Ó fi ọ̀bẹ ṣí ike náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú abọ́ pẹ̀lú àwọn ife, ó sì fi orin sẹ́nu:

"Ife Olúwa, má ṣe dú o,
Eérú ń fọ̀ ọ́, ọsàn ń ṣàn ọ́,
Bó dọ̀la ètè á kàn ọ́,
Ife Olúwa, máa dán."

Nígbà tí Gbọ́tèmi dé, owó mẹ́ta wà nínú oòrùn lórí àtẹ.

"Wá wò ó, ọmọ àbúrò mi. Mo ti bá ọ nu ìyà kúrò lójú wọn."

Gbọ́tèmi dúró bí òpó. "Ìyá Àgbà, kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Ohun tí mo fi ń fọ ife ni. Àlùfáà tó ti kúrò níbí bẹ̀ mí títí kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é, mo ní kó lọ gbàdúrà sí i." Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Ọsàn ti la ìka ọwọ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́.

Gbọ́tèmi wo ìka náà. "Ẹ ṣé, mà," ló rí sọ.

Ọ̀kadà ni Abdulhameed gùn wá láàárọ̀ Sátidé, ó mú awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá dání. Ó wo owó kìíní, ó gbé e kalẹ̀.

"Ta ló ṣe irú eléyìí?"

"Wọ́n bá mi fọ̀ ọ́ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Púrúùfù kì í rí kànrìnkàn, àbúrò. Ìka lásán a máa bà á jẹ́. Wò ó, wọ́n ti ha á yánnayànna bí ojú dígí tí wọ́n fi iyanrìn gbo." Ó mú ìwọ̀n kékeré jáde. "Fàdákà ṣì ni o. Iye tí ìwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ ni mo lè san."

"Ká ní wọn ò fọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Màá fi díẹ̀ lé e, kò sì ní tó iye tó o rà á. Nítorí pé ó wù wá la ṣe ń rà á. Mo ní mọ́kàndínlógún nílé, ìyàwó mi ń bi mí ọjọ́ tí a máa sè é jẹ." Ó rí i pé ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ní owó tí kò ní ibì kankan tó ń lọ, tó lè gbé e síbẹ̀ fún ogún ọdún, kò burú tó bá rà á. Níbo ni owó tìrẹ ń lọ?"

"Adó-Èkìtì. Ọ̀dọ̀ ìyá mi."

Abdulhameed wọn owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sanwó, ó sì fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé e dé Mowo.

Owó náà tó dé Adó. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìdíkọ̀ mi orí. "Ti Adó ti lọ láti ìdájí, ọmọbìnrin. Bó o bá wọ ti Ìbàdàn báyìí, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọ lọ́nà, kò sì sí awakọ̀ tó ń rin ọ̀nà yẹn lálẹ́ mọ́. Ọ̀la ni."

Ìdájí ọ̀la ni ìyá rẹ̀ ń lọ. Gbọ́tèmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó pè é.

"Gbọ́tè, ibo lo dé? Mo ti gbé ìrẹsì kaná."

Gbọ́tèmi sọ ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ìkan pamọ́. Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń fa síìpù àpótí ẹrù, tó sì dá a dúró lágbedeméjì.

"O rò pé owó lásán ni mo fi ránṣẹ́? Ojú rẹ ni mo fi rà, Gbọ́tè. Mo ti san án tán. Ìwọ lo lọ tún un tà." Ohùn náà rọlẹ̀. "Gbé fóònù sókè, kí n rí ọ."

Wọ́n tan àwòrán. Iwájú orí ìyá rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ẹyọ kan ló yọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì gan síbẹ̀. Gbọ́tèmi ń wo ojú kan náà tí kò ṣẹ́, títí fóònù fi kú.

Nígbà tó padà délé tó sì ròyìn, Oyèrónkẹ́ jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. "Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Rárá, Ìyá Àgbà," Gbọ́tèmi wí. "Ọjọ́ tí mo fi owó ọkọ̀ rà á ló ti bà jẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, owó fàdákà kò lẹ́ṣẹ̀. Ẹni tí ó wù, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tó o, kó rà á, kó sì máa wò ó. Ṣùgbọ́n owó ọ̀nà, ọ̀nà ni kó gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ohun tó ṣọ̀wọ́n tàn yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tó ṣọ̀wọ́n jù ú lọ ti wà lọ́wọ́ yín. Fàdákà tí Gbọ́tèmi rà, ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà láyé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ní pẹ̀lú ìyá rẹ̀, mẹ́sàn-án náà ni.