Iyọ̀ àti Ìrẹsì fún Ilé Bàbá Àgbà

"Bàbá, kí lẹ dì sápò yìí?"

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ibùdó ìgbafẹ́ ti fọwọ́ kan àpò ṣòkòtò Bàbá Anselmo. Bàbá fúnra rẹ̀ yọ ìdì aṣọ kékeré kan jáde, ó sì tú u. Iyọ̀ díẹ̀ àti ìrẹsì tí wọn ò sè ló wà níbẹ̀.

"Wọn kì í gbé oúnjẹ wọ ibí o."

"Oúnjẹ kẹ̀? Ṣé ìwọ máa ń jẹ ìrẹsì tútù bẹ́ẹ̀ ni?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ilé mi ni wọ́n tún ṣe tán. Ṣé kí n wá wọ ọ́ lọ́wọ́ òfo ni?"

Ẹ̀ṣọ́ náà mọ̀ pé iyọ̀ àti ìrẹsì ni àwọn ará ìlú wọn ń kọ́kọ́ gbé wọ ilé tuntun, kí ebi má baà bá wọn gbé níbẹ̀. Ó wo ọmọdébìnrin tó di bàbá náà lápá mú. Jonalyn, ọmọ ọmọ Bàbá, tẹjú mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń rọ́ wọlé níwájú. Ẹ̀ṣọ́ náà rò pé àwàdà ni bàbá ń ṣe, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Irọ́ tí Jonalyn pa lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ń lọ bá yìí.

Ilé tí wọ́n ń lọ wò yìí ni wọ́n bí Bàbá sí: òkúta nísàlẹ̀, pákó lókè, ìkarawun òkun tó ń dán lójú fèrèsé dípò gíláàsì. Nígbà tí ara Bàbá kò yá, ó fi ilé náà sí orúkọ Nestor ọmọ rẹ̀. Nestor sì lọ tà á fún àwọn tó ni ibùdó ìgbafẹ́ yìí, àwọn tó ń tú ilé àtijọ́ palẹ̀ káàkiri, tí wọ́n sì ń tún un tò sétí òkun fún àlejò láti wò. Lọ́jọ́ tí àwọn káfíńtà dé, tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára pákó, Nestor fa Jonalyn lọ sẹ́yìn ilé.

"Ìwọ lo máa bá Bàbá sọ ọ́. Ìwọ nìkan ni wọ́n gbà gbọ́."

"Kí n sọ kí ni, Ọ́ńkù?"

"Sọ pé ikán ti jẹ òpó ilé, pé wọ́n ń gbé e lọ tún ṣe ni. Fóònù tí ò ń sunkún lé lórí yẹn, o ti rí i gbà nìyẹn."

Òótọ́ ni Nestor sọ. Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, Jonalyn ló ń bá a ka gbogbo nǹkan: lẹ́tà tí ìyá Jonalyn ń kọ láti Hong Kong níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, àti orúkọ tó wà lára oògùn ọkàn Bàbá. Fóònù sì ti wọ Jonalyn lójú, torí òun nìkan ni kò ní láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó lọ pa irọ́ náà fún Bàbá. Bàbá mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti ń fura sí àwọn ikán yẹn."

Bàbá àti Jonalyn kó lọ sí yàrá sìmẹ́ńtì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Nestor. Láràárọ̀ ni Bàbá ń bèèrè pé, "Jona, kí ló kù?" Jonalyn á ní, "Fèrèsé ló kù, Bàbá Àgbà." Àwọn ará àdúgbò mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè wo ojú arúgbó kó sọ fún un. Ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ kéde pé àwọn ń lọ sí ibùdó náà, pé ọmọ kọ̀ọ̀kan lè mú àgbàlagbà kan dání, ni ọ̀rẹ́ Jonalyn kan ṣèèṣì sọ lójú Bàbá pé ilé wọn wà níbẹ̀, ó rẹwà gan-an.

"Ó ti parí, o ò sì sọ fún mi?" Bàbá rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti tún un ṣe, ó ti ń wá ẹ̀wù àtàtà rẹ̀. Jonalyn rò ó pé Bàbá á kàn wò ó láti ìta, inú rẹ̀ á dùn, wọ́n á sì padà sílé.

Bàbá kò dúró níta. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sídìí àtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ tọ igi ìdìmú lọ títí ó fi kan ibi tó ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ nígbà èwe rẹ̀. "Òun ni! Jona, òun náà ni!" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wọ́n iyọ̀ àti ìrẹsì sẹ́nu ọ̀nà, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló gbé okùn tí wọ́n ta sẹ́nu yàrá sókè, ó wọlé, ó sì na gbọọrọ sórí ibùsùn.

"Jona, bá mi gbé omi atalẹ̀ kaná. Ó ti rẹ̀ mí. Lọ́la, kí Nestor bá wa kó ẹrù dé."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi fóònù yà á. "Bàbá ti gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì o!" ni Dexter, aláwàdà kíláàsì wọn, pariwo. "Ṣé oúnjẹ àárọ̀ wà nínú ẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an.

Obìnrin tó ń mú àlejò káàkiri sáré wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ dìde. Wọn kì í sùn síbẹ̀."

"Orí ibùsùn yìí ni wọ́n bí mi sí, ọmọ mi. Bi ọmọ ọmọ mi yẹn. Òun kì í parọ́ fún mi."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Jonalyn. Òtítọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, gbogbo kíláàsì á mọ̀ pé torí fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe parọ́ fún Bàbá tí wọ́n fi gbé ilé náà lọ. Ìtìjú bò ó.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ó ní. "Orí wọn ti ń dàrú ni. Ọjọ́ ogbó ni."

Bàbá dìde jókòó. Ó kọjú sí ibi tí ohùn Jonalyn ti wá. "Wọ́n ti tà á?" ó bèèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Jonalyn ki fóònù rẹ̀ bọ àpò. Bàbá dìde, ó fọwọ́ tẹ́ aṣọ ibùsùn náà bó ṣe bá a. "Ẹ foríjì mí, ọmọ mi," ó sọ fún obìnrin náà. "Bó ṣe wí náà ni. Orí mi ti dàrú."

Nígbà tí wọ́n padà dé ẹnu ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ti gbá iyọ̀ àti ìrẹsì náà dànù.

Nígbà tí wọ́n délé, Jonalyn tẹrí ba, ó gbé ọwọ́ Bàbá kan iwájú orí ara rẹ̀ bó ṣe ń kí i lójoojúmọ́. Bàbá fún un lọ́wọ́, àmọ́ kò súre fún un bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò bèèrè ohun tó kù mọ́. Bí Jonalyn bá gbé oògùn wá, Bàbá á gbà á, á mú ọ̀pá, á ní, "Jẹ́ kí Ìyá Pacing bá mi kà á." Òdìkejì ọ̀nà ni Ìyá Pacing ń gbé. Jonalyn bẹ̀ ẹ́ títí, ó sunkún, Bàbá kò bínú, kò sì gbà.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, inú gọ́tà tó wà lójú ọ̀nà ilé Ìyá Pacing ni wọ́n ti bá òkú Bàbá, ìgò oògùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn ọkàn rẹ̀ gan-an ni, èyí tí Jonalyn gbé fún un.

Ìyá Jonalyn wálé. Bí àwọn èèyàn ṣe jókòó yí pósí ká, Nestor ń mi orí, ó ń sọ pé, "Ọjọ́ ogbó ni. Orí wọn ti dàrú pátápátá. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe nínú ibùdó yẹn?"

Jonalyn dìde. "Orí wọn pé. Ilé wọn ni wọ́n wọ̀. Ọ́ńkù Nestor ló tà á, èmi ni mo parọ́ fún wọn, fóònù ni mo sì gbà."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" Nestor jágbe mọ́ ọn.

Ìyá Jonalyn kọjú sí i. "Jona," ó ní, "kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nígbà tí Bàbá ṣì lè gbọ́?"

Títí dòní ni Jonalyn ń wá èsì ìbéèrè yẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, bí ẹ bá parọ́ fún ẹni tó fọkàn tán yín, kì í ṣe ohun tí ẹ parọ́ lé lórí nìkan ni ẹni náà pàdánù. Kò ní lè gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́, kódà níbi tó ti nílò yín jù lọ. Bí ẹ bá ti pa irọ́ náà, ẹ fara mọ́ ìtìjú, kí ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ẹni náà ṣì lè gbọ́. Ojú ti Jonalyn lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Bàbá Anselmo ti wà nínú pósí.